Ibi Tí Mo Kó Àwọn Ohun Ìṣeré Mi Pamọ́ Sí Nílùú Òkèèrè

Ẹni tó bá ń ṣa ohun ìṣeré jọ nílùú òkèèrè, ọjọ́ ń bọ̀ tí yàrá kò ní gbà wọ́n mọ́. Iṣẹ́ lè gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ó lè kó lọ sí ilé tó kéré, ó sì lè fẹ́ lọ lo ọdún kan tàbí méjì nílé. Kò sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nítòsí tó máa sọ fún pé, "Jọ̀ọ́, bá mi tọ́jú àwọn páálí yìí." Bí ọ̀rọ̀ tèmi ṣe rí nìyẹn. Ọkọ̀ onírin kéékèèké, bèbí, ẹranko onírun àti LEGO, ìyẹn bíríkì ike kéékèèké tí wọ́n ń tò pọ̀, kún ilé, mi ò sì fẹ́ ta ìkankan nínú wọn, torí mo fẹ́ràn wọn gidigidi.

Mo wá pinnu láti háyà yàrá ìkẹ́rùsí. Kí n tó béèrè iye tí wọ́n ń gba owó rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ohun tí wọ́n fi ṣe àwọn ohun ìṣeré náà. Olè kọ́ ló ń ba ohun ìṣeré jẹ́ jù. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ni. Láti 1963 ni wọ́n ti ń fi ike tí wọ́n ń pè ní ABS ṣe LEGO. Ó le dáadáa, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ń pa á, èyí tó funfun á di pupa rúsúrúsú. Ti bèbí tún yàtọ̀. Ike mìíràn tí wọ́n ń pè ní PVC ni wọ́n fi ṣe orí àwọn bèbí Barbie àtijọ́, èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1959, wọ́n sì po nǹkan bí òróró mọ́ ọn kó lè rọ̀. Bó bá pẹ́, òróró yẹn á máa jáde, ara bèbí á sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Yẹtí onírin tó wà létí àwọn mìíràn a máa sọ etí wọn di àwọ̀ ewé, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó kó wọn pamọ́. Ní ti ọkọ̀ onírin, síńkì ló pọ̀ jù nínú irin rẹ̀. Bí òjé bá ti wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti rọ ọ́, pàápàá àwọn tó ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, yóò máa sán, yóò sì máa rún wómúwómú, ọ̀rinrin a sì mú un yára. Kò sí oògùn rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba abẹ́ òrùlé, tó ń gbóná, tàbí yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí omi lè wọ̀. Yàrá ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣàkóso ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ ni mo wá, inú ilé gangan, kì í ṣe èyí tí ilẹ̀kùn irin rẹ̀ kọjú sí ìta. Owó rẹ̀ ga ju ti èkejì lọ, síbẹ̀ mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin, kẹ́ ẹ gbé e sáàárín ẹrù. Bó bá dúró láàárín ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ọkàn yín lè balẹ̀. Bó bá ju 65 lọ tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹranko onírun àti páálí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ má gbé páálí kalẹ̀ ní tààrà, ẹ má sì jẹ́ kó fara ti ògiri.

Ẹrù dídì kò le. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú gbogbo ohun tó ń lò ó, torí omi inú rẹ̀ máa ń jáde. Ẹ má fi ìwé ìròyìn wé nǹkan kan. Bébà tí kò ní ásíìdì ni kẹ́ ẹ lò, àti àpótí ike tí kì í ṣe PVC. Ẹranko onírun tẹ́ ẹ fura pé kòkòrò wà lára rẹ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú fírísà tó tutù tó -18 °C.

Ìwé àdéhùn ló gba àkókò mi jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń rìnrìn àjò fara balẹ̀ sí. Níbi púpọ̀, bí gbèsè owó yàrá bá jọ, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti lu ẹrù inú rẹ̀ ní gbànjo. Báwo ni gbèsè ṣe ń jọ fún ẹni tó ń sanwó déédéé? Káàdì báǹkì lè parí àsìkò nígbà tẹ́ ẹ wà lókèèrè, ìwé ìkìlọ̀ sì lè lọ sí ilé tẹ́ ẹ ti kó kúrò. Mo fi orúkọ ọ̀rẹ́ kan tó ń gbé nítòsí kún àdéhùn náà, ó ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì lè pè é. Mo tún ka ìwé adójútòfò láti òkè délẹ̀, torí àwọn mìíràn kì í sanwó nǹkan tó bá bu tàbí tí kòkòrò jẹ, àwọn mìíràn sì máa ń béèrè ẹ̀rí pé nǹkan náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Fọ́tò gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú rìsíìtì àwọn tó wọ́n jù, ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.