Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹja òkun nínú àpótí gíláàsì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Tanke, ní Ìlọrin níbí, fún yín.

Ẹja mandarin ni mo fẹ́ràn jù. Kì í sábà jẹ oúnjẹ gbígbẹ. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa ṣa nǹkan abẹ̀mí tíntìntín jẹ lára òkúta. Copepod ni oúnjẹ rẹ̀, ìbátan edé àti akàn, tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Tisbe ni irú tí mo ń sìn, torí ara òkúta àti ara ike ló máa ń rìn mọ́, ibẹ̀ gan-an ni mandarin sì ti ń wá jíjẹ.

Inú omi òkun ni copepod yìí ń gbé, Ìlọrin sì jìnnà sí òkun, a ó po omi náà fúnra wa ni. Ẹ má fi iyọ̀ ọbẹ̀ dán an wò. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹja òkun ni kẹ́ ẹ rà, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan. Gíráàmù 350 ni mo pò mọ́ lítà 10 nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń sin copepod.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹ mọ ọyẹ́ ilẹ̀ wa, aṣọ tí ẹ sá láàárọ̀ á ti gbẹ kọ́ọ́kọ́ kó tó di ọ̀sán. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi fà dé lítà 7. Mo bu lítà 3 omi iyọ̀ kún un, ọkàn mi sì balẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Omi ló gbẹ lọ, gbogbo iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí mo ṣe bu omi iyọ̀ sí i, ó di gíráàmù 455 nínú lítà 10. Ó tún fà, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó di 560. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ara bọ́kẹ́ẹ̀tì, n kò rí ohun kan tó ń mira. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ló sùn sísàlẹ̀. Oṣù mẹ́ta iṣẹ́ mi ni.

Nítorí náà, ẹ fi máákà fa ìlà síbi tí omi dé lọ́jọ́ kìíní. Bó bá fà, omi lásán ni kẹ́ ẹ fi dá a padà síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ fi oògùn pa kilorínì inú rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ àwọn copepod, algae díẹ̀ ni, ìyẹn ewéko tíntìntín inú omi, kí omi kàn ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ ṣì máa rí ìsàlẹ̀ ike. Bó bá mọ́ kedere, ebi ń pa wọ́n. Bó bá ń rùn, ẹ ti fún wọn jù. Ike tàbí páìpù tí ẹ fi kan rotifer, nǹkan abẹ̀mí tíntìntín mìíràn tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ẹja, kò gbọdọ̀ kan copepod láé, torí rotifer yára bí sí i, á sì gba oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ má sì sìn ín sójú kan ṣoṣo. Ohun tó yọ mí ni ife copepod kan tí mo ti fún ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ọ̀ffà ṣáájú ọyẹ́. Ó bù nínú tirẹ̀ fún mi, mo rọ ọ́ dé ìdajì ìgò kí afẹ́fẹ́ lè wà lókè, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lé itan nínú mọ́tò títí dé Ìlọrin. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo tún tan tọ́ọ̀ṣì. Abo kan ń fà lára ike, àpò ẹyin rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn nídìí.