Ka Iye Ohun Tó Ń Yí Po Kí O Tó Kọ Ìṣedọ́gba

Ọmọ ayò 48 ló wà nínú ọpọ́n. Bó ti wù ká pín wọn láti ihò dé ihò, wọn kò ní dín àfi tí ẹnìkan bá jẹ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyípo Krebs, ọ̀wọ́ ìṣesí kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fa agbára jáde látinú oúnjẹ, nínú mitokọ́ńdíríà: acetyl-CoA, èérún tó wá látinú oúnjẹ, gbé kábọ́ọ̀nù 2 wọlé, kábọ́ọ̀nù 2 bá CO₂ jáde, oxaloacetate tó gba àlejò sì padà sí àyè rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwòṣe kọ̀ǹpútà tó ń fi ìṣedọ́gba ṣàfarawé ìyípo yìí ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ ìyára ẹ́ńsáìmù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n á kọ ohun tó ń ta wọ́n jí àti ohun tó ń dá wọn dúró, wọn ò ní béèrè iye ohun tó ń yí po lápapọ̀.

Bí o bá ní kí kọ̀ǹpútà wá ibi tí gbogbo nǹkan ti dúró déédéé, ọ̀nà Newton (ọ̀nà tí a fi ń sún mọ́ ojútùú ìṣedọ́gba díẹ̀díẹ̀) yóò kọ̀, torí pé òdo ni àpapọ̀ àwọn ìṣedọ́gba náà. Ọ̀kan nínú wọn kò sọ ohun tuntun. Yọ ọ̀kan, kí o fi àpapọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun kan náà ni kí o ṣe fún NAD⁺ àti NADH, ìrísí méjì tí ohun kan náà tó ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń ní.

Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì gidi kì í ti ilẹ̀kùn. Ẹ́ńsáìmù pyruvate carboxylase ń kó oxaloacetate tuntun wọlé, acetyl-CoA tó ń pọ̀ jọ ló sì ń ta á jí. Malate àti citrate, tí àwọn náà wà nínú ìyípo, ń jáde lọ di súgà àti ọ̀rá. Fi ìwọlé sí i láìfi ìjáde sí i, àpapọ̀ yóò máa ga láìdúró. Ká ní ohun tó ń wọlé jẹ́ 0.005 mM (millimole fún lítà kan) ní ìṣẹ́jú kan, tí malate nìkan ń jáde, ìdá 0.01 iye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: malate yóò dúró sí 0.5 mM. Àmọ́ bí malate bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tó wà nínú ìyípo, àpapọ̀ yóò gba nǹkan bí wákàtí 20 kó tó rin ìdá 95 nínú 100 ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó dá a dúró ní ìṣẹ́jú 30 yóò rí ìlà tó jọ pé ó ti tẹ́jú, ìrìn àjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Malate dehydrogenase, ẹ́ńsáìmù tó ń sọ malate di oxaloacetate, ló gba àròjinlẹ̀ jù lójú mi. ΔG°′ rẹ̀, ìyẹn ìyípadà agbára ìṣesí náà ní ipò àfiṣòdiwọ̀n, tó +29.7 kJ fún mole kan, ìyẹn ni pé òṣùwọ̀n ìdúródéédéé rẹ̀ ní pH 7 kò ju bíi 6 × 10⁻⁶ lọ. Fi malate 0.5 mM sí i, kí NAD⁺ tó ìlọ́po 8 NADH: oxaloacetate yóò jẹ́ bíi 25 nM (nM kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mM). Nínú mitokọ́ńdíríà tó tóbi tó 1 µm³, molecule 15 péré nìyẹn! Ní pH 8, yóò di bíi 150. Iye yìí kéré púpọ̀ sí Km citrate synthase, ẹ́ńsáìmù tó ń so oxaloacetate pọ̀ mọ́ acetyl-CoA (Km ni ìwọ̀n tí ẹ́ńsáìmù nílò kó tó dé ìdajì ìyára rẹ̀ tó ga jù), nítorí náà bí oxaloacetate bá ti rí ni ìyára ẹ́ńsáìmù yẹn rí. Jẹ́ kí ìlọ́po 8 yẹn já wálẹ̀ sí 2, ìyára yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin, láìsí ohunkóhun tó fọwọ́ kan citrate synthase fúnra rẹ̀. Má tètè kọ ìdènà NADH sí i lára, kí o má baà ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Kalsíọ̀mù ńkọ́? Bí ó bá ń pọ̀ sí i, Km isocitrate dehydrogenase àti ti α-ketoglutarate dehydrogenase, ẹ́ńsáìmù méjì nínú ìyípo náà, ló ń dín kù. Km ni kí o yí padà, má fọwọ́ kan Vmax (ìyára tó ga jù).

Oxaloacetate ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, àpapọ̀ ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà lo BDF tàbí LSODA, ọ̀nà ìṣírò tó lè gba ohun tó yára àti ohun tó lọ́ra pọ̀, nínú SciPy (àkójọ irinṣẹ́ ìṣírò fún èdè Python). RK45, ọ̀nà tí SciPy ń lò bí o kò bá yan òmíràn, yóò máa rákò. Kí o sì wo atol, ìwọ̀n àṣìṣe tí o gbà láàyè, dáadáa. 10⁻⁶ ló máa ń wà níbẹ̀ bí o kò bá yí i padà. Bí mM lo fi ń ṣírò, ó tó ìdá 4 nínú 100 oxaloacetate 25 nM yẹn. Bí mole fún lítà kan ni, àṣìṣe tí o gbà láàyè fi ìlọ́po 40 ju oxaloacetate fúnra rẹ̀ lọ. Fi í sí 10⁻¹⁰ fún mM, tàbí 10⁻¹³ fún mole.