Kí fèrè tó dún: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ẹgbẹ́ afọnfèrè ẹlẹ́ni márùn-ún

Horn ni mo ń fọn. Ẹgbẹ́ wa jẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, fèrè idẹ ni gbogbo wa sì ń fọn: trumpet méjì, horn kan (èyí tí ọ̀pá rẹ̀ yí po bí òrùka), trombone kan, tuba kan (èyí tó tóbi jù, tí ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ jù). Iṣẹ́ tí a fi ń jẹun nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ orin máa ń bi mí pé kí ni kí àwọn tẹra mọ́ kí ẹgbẹ́ àwọn lè dúró. Wọ́n máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìka tó yá àti ohùn tó lọ sókè gan-an ni màá sọ. Ìyẹn ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹni tó ti ń gbowó lórí fèrè ti ní in lọ́wọ́. Ohun tó ń ya ẹgbẹ́ tó dára sọ́tọ̀ sí èyí tó kàn ń pariwo ti máa ń ṣẹlẹ̀ kí fèrè tó dún rárá.

Èémí ni mò ń sọ. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, olùdarí wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí ẹ ó wọlé. Àwa kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orin wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa mí, àwọn yòókù á bá a mí, ohùn á sì jáde. Bó bá fa èémí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo wa mọ̀ pé jẹ́jẹ́ la ó wọlé. Bó bá fà á lójijì, a mọ̀ pé orin náà fẹ́ sáré. Àwọn tó jókòó níwájú lè gbọ́ èémí yẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ wo bí ẹni tó ń fọn trumpet àkọ́kọ́ wa ṣe máa ń ṣe é. Á gbé fèrè sókè díẹ̀, bóyá ìbú ìka méjì. Á la ẹnu, á fa èémí fún odindi bíìtì kan, ìyẹn kíkà kan nínú ìlù orin, gẹ́gẹ́ bí orin náà yóò ṣe yára tó. Bí fèrè ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ohùn ti jáde. Kò dúró lókè. Ibẹ̀ ni kí ẹ fiyè sí. Ẹni tó bá fa èémí tán tó wá dì í mú kó tó fọn, ọ̀fun rẹ̀ á há, ahọ́n rẹ̀ á le, nóòtì àkọ́kọ́, ìyẹn ohùn orin àkọ́kọ́, á sì bú jáde bí ìgbà tí èèyàn fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ṣí. Kí èémí tó ń wọlé yí padà di èyí tó ń jáde, láìsí ìdádúró kankan láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ń wọlé pẹ́, orí ìdádúró kékeré yẹn ni wàhálà wọn wà, wọ́n á sì máa dá ahọ́n lẹ́bi.

Nígbà ìdánrawò, a máa ń mú báà mélòó kan (ìyẹn ìpín kéékèèké tí wọ́n fi ìlà pín ìwé orin sí) ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, a ó sì fi èémí nìkan ṣe é, láìsí ohùn. Ìka á máa tẹ bọ́tìnì, ẹni tó ń fọn trombone á máa fa ọ̀pá rẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan lẹ máa gbọ́. Lẹ́yìn náà a ó di ojú, a ó tún un ṣe. Kò gba àkókò, ó sì máa ń fi ẹni tí kò tíì pinnu bí orin náà ṣe yẹ kó yára tó hàn kíákíá. Ẹ má fò ó nítorí pé ẹ ti mọ orin náà dáadáa. Orin tí ẹ mọ̀ jù lẹ máa ń wọlé sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun kan tún wà tí a kì í sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó: àwọn fèrè yìí kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá tú ọ̀pá trumpet sílẹ̀ tó fi nà gbọọrọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1.5. Ti trombone tó 2.7, ti horn tó ń dún ní ohùn tí wọ́n ń pè ní F tó 3.7, ti tuba tó tóbi jù lè tó 5.5. Ohùn ìsàlẹ̀ nínú ọ̀pá gígùn máa ń gba àkókò díẹ̀ kó tó dún dáadáa. Ní tèmi, ẹnu horn kọjú sẹ́yìn, ohùn mi ní láti gbá ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbọ́. Nítorí náà, bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ trumpet kí n tó fọn, mo ti pẹ́ nìyẹn, tuba á sì pẹ́ jù mí lọ. Èémí ni ká tẹ̀ lé, ká má dúró de ohùn ara wa. Ẹ sì wo ibi tí ẹni tó ń fọn horn jókòó sí: bí aṣọ ìkélé nípọn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yí i padà tàbí kí ẹ wá pátákó sẹ́yìn rẹ̀, torí aṣọ yẹn á gbé ohùn rẹ̀ mì.

Ọ̀rọ̀ kí ohùn bára mu wá kàn. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ọ. Kí tuba fọn “doh”, kó dúró. Kí ẹni tó ní “soh” gbé tirẹ̀ lé e lórí títí tí kò fi ní gbọ̀n mọ́. Ẹni tó ní “me” ni kó wọlé gbẹ̀yìn, òun sì ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Bí a bá pín àlàfo láàárín nóòtì méjì tó tẹ̀ léra lórí dùùrù sí ọ̀nà 100, “me” inú kọ́ọ̀dù (ìyẹn nóòtì mélòó kan tó dún pa pọ̀) tó dùn ní láti fi bíi 14 lọ sílẹ̀ ju bí dùùrù ṣe ń dún ún lọ. “Soh” á fi bíi 2 gòkè. Ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn á máa sọ pé “me” ti já sílẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn, etí yín ni kí ẹ gbọ́ràn sí.

Horn ni wọ́n sábà máa ń kọ nóòtì yẹn fún, mo sì ti wá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú ẹnu horn nígbà gbogbo. Bí kọ́ọ̀dù ìparí bá dé, màá gbọ́ ìgbọ̀nrìrì kan láàárín ohùn mi àti ti tuba, wọ̀ọ̀-wọ̀ọ̀-wọ̀ọ̀. Màá pa ọwọ́ yẹn dé díẹ̀, ohùn mi á rọra wálẹ̀, ìgbọ̀nrìrì náà á falẹ̀, á sì dá. Nígbà tó bá dá, kọ́ọ̀dù náà máa ń tóbi lójijì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fọn án le sí i. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ rí, kó bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jókòó ti kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo títí yóò fi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tó ń fọn trumpet, ẹ má gbàgbé pé nóòtì tí ẹ fi bọ́tìnì kìíní àti ìkẹta tẹ̀ máa ń ga jù, èyí tí ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin kékeré tí ìka lè tì jáde wà níbẹ̀ fún ìyẹn, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi fèrè jẹun ṣe ń fi í sílẹ̀ láìlò. Òtútù náà máa ń mú ohùn wálẹ̀, ooru sì ń gbé e sókè, nítorí náà ẹ mí afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú fèrè yín nígbà tí ìsinmi yín bá pẹ́.

Ètè wá ni ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù lọ. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, afọnfèrè idẹ lè ka ọ̀pọ̀ báà ìsinmi kó tó wọlé. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ kò ní gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Iṣan ló yí ẹnu ká, ó sì ń rẹ iṣan. Mo mọ ọ̀dọ́ kan tó dáńgájíá, trumpet ló ń fọn. Ètè rẹ̀ ti wú, kò sì fẹ́ já ẹgbẹ́ rẹ̀ kulẹ̀, ó wá ń ti fèrè mọ́ eyín kí ohùn òkè lè jáde, láti orí eré kan bọ́ sórí òmíràn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi lè fọn fèrè lẹ́yìn náà. Ó dùn mí, nítorí gbogbo àwọn tó yí i ká ló rí i, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kó dá a dúró.

Àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọjú kì í wá láti òkè. Nóòtì àárín, èyí tó rọrùn, tí ẹ fẹ́ fọn jẹ́jẹ́, ló máa kọ́kọ́ kọ̀: afẹ́fẹ́ á jáde kí ohùn tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ gbé fèrè sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ara bá ń ro yín tàbí ètè kú tipiri, ẹ lọ rí dókítà. Nígbà ìdánrawò, ẹ gbé ohùn òkè wálẹ̀ bí ẹ bá ń tún ibì kan ṣe léraléra. Nígbà tí ẹ bá sì ń to àwọn orin tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ to wọn pẹ̀lú ètè trumpet àkọ́kọ́ lọ́kàn. Kí ẹnìkan dìde bá èrò sọ̀rọ̀ láàárín orin méjì tó le. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, ètè á sì sinmi.

Ní ti orin tí ẹ máa fọn, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé àwọn àgbà bíi Mozart àti Beethoven kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ fún irú ẹgbẹ́ wa. Ìdí ni pé nǹkan bí ọdún 1814 sí 1818 ni bọ́tìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ara fèrè idẹ ní Jámánì, ọdún 1835 ni wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ tuba ní Berlin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Victor Ewald, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Rọ́ṣíà tó tún ń kọ orin, tó gbé láyé láàárín 1860 sí 1935. Nínú orin rẹ̀, ohùn ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, ẹ ó sì kọ́ bí a ṣe ń fi í lé ara ẹni lọ́wọ́ láìjá. Malcolm Arnold, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ orin, kọ tirẹ̀ ní 1961, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ títí ẹ ó fi lágbára. Ẹ sì tún bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin pé kí wọ́n kọ fún yín. American Brass Quintet, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún bíi tiwa ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú ohun tí a ní lónìí sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Owó: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dé. Kí ẹ kọ́kọ́ yọ owó ìwé orin àti ti ìrìn àjò, kí ẹ wá pín ìyókù lọ́gbọọgba. Ẹni tó ń wá iṣẹ́, tó ń kọ lẹ́tà, tó ń pe ìpè, kó ní ìpín tirẹ̀ lórí ìyẹn. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ bá ara yín wí lórí orin, báà ni kí ẹ dárúkọ, ẹ má dárúkọ èèyàn: “Ní báà 24, a kò wọlé pa pọ̀,” ó tán. Kí olúkúlùkù ní orin kan tó jẹ́ pé òun ló ń ṣáájú nínú rẹ̀, títí kan ẹni tó ń fọn tuba.

Ọjọ́ kan á dé tí ara ẹnìkan nínú yín kò ní yá, ẹ ó sì wá ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ dè é báyìí. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ibi tí ẹ ti ń mí sórí gbogbo ìwé yín, ẹ fi orúkọ ẹni tó ń ṣáájú sí ìbẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ẹni tó ní “me” sí abẹ́ kọ́ọ̀dù ìparí. Ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ tọ́jú wọn síbi tí gbogbo yín ti lè rí wọn. Bí àlejò náà bá dé, ẹ má sáré mú gbogbo orin láti òkè délẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ bá a ṣe, pẹ̀lú ibi tí ìyára orin ti yí padà. Ohun tó bá wà láàárín, ó lè kà á fúnra rẹ̀.