Apá Tó Ń Yí Irin

Apá ọ̀tún mi ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń tẹ èyí. Bíi wákàtí méjì ni mo fi jókòó síwájú iná lónìí, tí mò ń fọwọ́ yí adìẹ kan ṣoṣo lórí ọ̀pá irin, mi ò lo mọ́tò kankan, torí ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n mọ bó ṣe máa ń rí lára àwọn tó ń ṣe é láyé àtijọ́.

Kì í ṣe iná ló kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà o. Mo ti gún irin gba inú adìẹ kọjá, mo gbé e síná, mo yí i, àyà ẹ̀ tó wúwo kàn ré bọ̀ wálẹ̀, mo tún yí i, ó tún ré bọ̀, irin nìkan ló ń yí nínú ẹran, ẹran ò tẹ̀lé e. Kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, àyà ti ń dúdú, ẹ̀yìn sì tutù. Ni mo bá gbé e kúrò, mo fi okùn di ẹsẹ̀ àti apá ẹ̀ mọ́ra pinpin, mo tún irin gún láàárín gangan kó má baà tẹ̀ síbì kan. Mo wa ẹyín iná sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo gbé páànù sábẹ́ ẹran, torí tí ọ̀rá bá ń kán sórí iná tààrà, ńṣe ni iná á bú sókè, èéfín á sì bo ẹran.

Ìgbà tó wá ń yí dáadáa ni mo rí nǹkan tí mi ò kíyè sí rí. Ọ̀rá tó yọ́ lára awọ kì í tètè kán. Bó ṣe ń kóra jọ nísàlẹ̀ tó fẹ́ já báyìí, irin á ti yí, ọ̀rá náà á sáré gba ẹ̀gbẹ́ padà lọ sókè, ẹran ń fi ọ̀rá ara ẹ̀ para. Ibi tó kọjú síná á hó ṣíì, á yí kúrò, á sinmi díẹ̀, ooru á sì rọra máa wọ inú lọ kó tó tún kan ibẹ̀.

Abájọ tó fi jẹ́ pé yíyí yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ onírúurú ẹran tí wọ́n ń yí lórí irin lórúkọ. Döner àwọn ará Tọ́kì, inú dönmek ló ti wá, ìyẹn kí nǹkan máa yí. Shawarma àwọn Lárúbáwá, inú çevirme ti èdè Tọ́kì ló ti wá, yíyí náà ni. Gyros àwọn Gíríìkì, yíyí ni! Ní ìlú Erzurum ní Tọ́kì, wọ́n ṣì ń dá irin dùbúlẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sun ẹran tí wọ́n ń pè ní cağ kebabı, àmọ́ nínú fọ́tò kan tí James Robertson yà lọ́dún 1855 nílẹ̀ Ottoman, ìyẹn ilẹ̀ ọba tí Tọ́kì wà lábẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn, irin ti nàró bíi tòní. Irin tó nàró yẹn làwọn ará Lẹ́bánónì gbé dé Mẹ́síkò, ni wọ́n bá fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rọ́pò àgùntàn níbẹ̀, wọ́n fi ata àti achiote, ìyẹn èso pupa kan tó ń mú oúnjẹ pọ́n, pa á lára, wọ́n gbé ọ̀pẹ òyìnbó lé e lórí, wọ́n wá ń pe irin náà ní trompo, ìyẹn òkòtó. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo wọn lọ.

Àmọ́ apá tó ń ro mí yìí ò jẹ́ kí n gbàgbé àwọn tó ń yí i. Nílé ìdáná ọba Henry Kẹjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọkùnrin ló ń ṣe é, iná sì gbóná débi pé lọ́dún 1526 wọ́n pàṣẹ pé àwọn ọmọ ilé ìdáná ò gbọ́dọ̀ máa rìn níhòhò tàbí nínú àkísà. Lẹ́yìn náà wọ́n wá ajá. Ìwé kan nípa ajá tó jáde lọ́dún 1576 ti dárúkọ irú ajá tó ń sá eré nínú wíìlì kí irin lè máa yí, ara ẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú. Òkú ọ̀kan tí wọ́n tọ́jú ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù Abergavenny ní Wales, Whiskey lorúkọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá yẹn dùn mí gan-an, torí kí wọ́n tó kọ ìwé yẹn, Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì yẹn, ti ya àwòrán fáànù kan tí wọ́n á fi sí ihò èéfín, ooru tó ń gòkè ni yóò máa yí i, bí iná bá ṣe ń le ni irin á ṣe máa yára. Iná fúnra ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ yẹn!

Nígbà tó kù bí ìdajì wákàtí, mi ò lè ká ìka mi mọ́. Àbúrò mi dúró sẹ́yìn mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ n bá yín yí i.” Mo fi bó ṣe máa yí i hàn án, pé kó má yára, kó má sì dúró, kó kàn máa wo ọ̀rá yẹn. Kò sọ̀rọ̀ kankan títí awọ fi pọ́n tó ń dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Èmi ni mo gé ẹran náà, òun ni mo sì kọ́kọ́ gbé itan fún.