Ohun tí mo kọ́ níbi òfin ẹgbẹ́ àwa tó ń fi ìṣirò ra ṣíà

Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà dókòwò sílẹ̀, ẹ má fi “òtítọ́” àti “ìwà ọmọlúàbí” kún ìwé òfin yín. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Òfin tí kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ẹnìkan rú u, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ kọ èyí tí a lè yẹ̀ wò lójú gbogbo ìpàdé.

Àbúrò wa kan tó kàwé ní yunifásítì FUNAAB ló jẹ́ kí èyí yé mi. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nípàdé wa ní Òkè-Ìlẹ̀wó, l’Abẹ́òkúta, ó fi ọgbọ́n tó fi ń ra ṣíà báǹkì hàn wá. Ó ti fi iye tí wọ́n ń ta ṣíà láti 2004 dán an wò, ìlà èrè rẹ̀ sì ń gòkè ṣáá. Ẹ rántí pé atọ́ka ọjà ṣíà wa lé ní 66,000 lóṣù Kẹta 2008, ó sì ti já sí nǹkan bí 20,000 nígbà tó fi máa pé ọdún kan. Síbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ba ọmọ yìí. Màmá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ alágbàtà ṣíà wo orúkọ àwọn báǹkì náà látòkè délẹ̀.

“Ọmọ mi, Oceanic ńkọ́? Intercontinental ńkọ́? Afribank dà?”

“Mi ò rí wọn níbẹ̀, mà.”

Báwo ló ṣe fẹ́ rí wọn? Báǹkì tó ṣì wà lọ́jà lónìí nìkan ló kó jọ. Oceanic ti wọnú Ecobank, Intercontinental ti wọnú Access, Báǹkì Àpapọ̀ sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Afribank lóṣù Kẹjọ 2011. Ẹni tó ń ra ṣíà ní 2006 kò mọ èyí tí yóò kú nínú wọn. Nígbà tó dá àwọn òkú padà sínú ìṣirò, ìlà náà wó. Ó ti di òfin wa báyìí: ẹ ka òkú mọ́ alààyè.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹni tó bá gbé ọgbọ́n kan wá gbọ́dọ̀ sọ iye ọgbọ́n tó ti dán wò kó tó kan èyí. Ká ní ọgbọ́n 20 wà tí kò níláárí rárá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣèèṣì dà bí ojúlówó lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú 100. Bí ẹ bá dán gbogbo wọn wò, ó tó 64 nínú 100 pé ọ̀kan, ó kéré tán, yóò tàn yín. Òun lẹ ó gbé wá sípàdé, ẹ ó fi 19 sílé. Nítorí náà, àwa máa ń kọ ohun tí a fẹ́ dán wò sínú ìwé ẹgbẹ́ ṣáájú, akọ̀wé yóò buwọ́ lù ú. Àwọn kan ń kùn pé ó jọ iléèwé girama. Kí wọ́n máa kùn.

Ẹ yọ owó alágbàtà kúrò nínú èrè. Ẹ sì rántí pé ṣíà kì í gòkè ju ìdá 10 nínú 100 lọ lójúmọ́ lọ́jà wa: bó bá ti kan òkè, kọ̀ǹpútà yóò ní ẹ ti rà á, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń tà á.

Owó olówó ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú ti fẹ́ kó owó àjọ lé mi lọ́wọ́ rí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e padà. Ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn mójú tó owó, kó lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ SEC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà, kó má sì fi orúkọ ẹgbẹ́ polówó. Látìgbà tí MMM ti ti owó àwọn èèyàn pa lóṣù Kejìlá 2016, sogúndogójì ni ará ìta kọ́kọ́ ń rò sí wa. Mi ò bá wọn wí. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó ní Pàràkòyí, àwọn olóyè tó ń bójú tó ọjà, láti ọjọ́ pípẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ pé ọjà nílò alábòójútó.

Ọgbọ́n oníkálukú lè jẹ́ àṣírí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ iye owó tí a ti tún ṣe, ti gbogbo wa ni. Bí iléeṣẹ́ kan bá fún àwọn onípìn-ín ní ṣíà ọ̀fẹ́, ọ̀kan lórí ọ̀kan, iye rẹ̀ yóò já sí ìdajì lọ́jọ́ kan. Kọ̀ǹpútà tí a kò sọ fún yóò rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀. Ẹnìkan tún un ṣe, kí gbogbo wa lò ó.

Ti ìbáwí ló kù. Àwọn kan ní ká lé ẹni tó bá fi iye ìdánwò rẹ̀ pamọ́, àwọn kan ní kó san owó ìtanràn. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní ká lé e, ṣùgbọ́n a kò tíì dìbò.