Òkúta àwọ̀ ewé tí ẹ̀gbọ́n mi mú bọ̀

Inú agolo mílíìkì ni mo tọ́jú ẹ̀ sí, mo fi òwú wé e. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Bí oòrùn bá tàn sí i lára, àwọn igi wẹ́wẹ́ tó hù lára ẹ̀ á máa dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, wọn ò nípọn ju abẹ́rẹ́ lọ. Olivenite lorúkọ ẹ̀, torí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti èso ólífì. Robert Jameson ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1820. Nàmíbíà ni ẹ̀gbọ́n mi ti rà á, ní Tsumeb, níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà títí di 1996.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan ní agboolé wa gbé e yẹ̀ wò. Ó ní, "Ọmọ mi, bù díẹ̀ fún mi níbẹ̀, kí n lọ̀ ọ́ mọ́ tìróò."

Àyà mi já. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Ásẹ́níìkì wà nínú ẹ̀. Májèlé ni, kò gbọdọ̀ kan ojú."

"Òkúta lásán? Báwo ni májèlé ṣe dé inú òkúta?"

Agbẹ́kànga ni bàbá mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ kànga ni mo fi dá ìyá lóhùn. Ní Kétu níbí, omi jìn. Láti kékeré ni mo ti ń wo ilẹ̀ tó ń jáde nínú garawa: pupa ló máa ń kọ́kọ́ jáde, yangí á tẹ̀ lé e, àwọ̀ á sì máa yí padà bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ omi. Bàbá mi a máa ní, "Ibi tí afẹ́fẹ́ bá dé nilẹ̀ ti ń pọ́n." Irin inú ilẹ̀ ló ń dípẹtà.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ òkúta yìí rí, bàbà ló wà nídìí tirẹ̀. Òkúta kan wà ní Tsumeb tó ń jẹ́ tennantite, ó rí bí eérú, bàbà, ásẹ́níìkì àti imí-ọjọ́ ló so pọ̀ nínú ẹ̀. Bí omi òjò bá gba ojú pàlàpálá àpáta wọlé, tó gbé ọ́síjìn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, òkúta náà á bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Imí-ọjọ́ á sọ omi di kíkan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Omi kíkan yẹn á tú bàbà, á tú ásẹ́níìkì, á kó àwọn méjèèjì rìn, títí wọn á fi dé inú ihò kan, tí wọn á jókòó papọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n dà ni olivenite yìí. Ní Tsumeb, omi rí ọ̀nà gbà kọjá 1,000 mítà nísàlẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi rí irú òkúta báyìí níbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé díẹ̀ báyìí ló kù kó má rí bẹ́ẹ̀. Bí omi náà bá pàdé òkúta ẹfun tó pọ̀, kíkan rẹ̀ á rọ̀, bàbà á sì di malachite, òkúta bàbà mìíràn tó wọ́pọ̀. Bí ásẹ́níìkì bá wà ńkọ́, tí kálísíọ̀mù, èyí tó wà nínú òkúta ẹfun, náà sì pọ̀? Conichalcite ni yóò dà, àwọ̀ ewé ni òun náà. Kí olivenite tó jókòó, omi gbọ́dọ̀ ṣì kan díẹ̀, kí ásẹ́níìkì pọ̀, kí kálísíọ̀mù sì ṣọ̀wọ́n.

Ìyá wo ẹ̀gbà bàbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, níbi tó ti ń ṣe àwọ̀ ewé. "Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí?"

"Ìran kan ni wọ́n, Mà. Tiyín ò ní ásẹ́níìkì."

Ó dá òkúta padà fún mi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó nu ọwọ́ tán ló wá bi mí pé, "Kí ló wá dé tó fi wà nínú agolo mílíìkì, níbi tọ́wọ́ àwọn ọmọ ti ń tó o?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti gbé e wọ inú àpótí irin bàbá mi, mo fi àgádágodo tì í.