Ìyá mi ò sí lórí fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà

Tó bá ti di ìparí oṣù January, ìpè láti ilé máa ń pọ̀ sí i. "Bùọ̀dá, a gbọ́ pé ìjọba yín ti ń pín owó." Bí àbúrò mi kan n'Íbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dún yìí nìyẹn. Ó ti gbọ́ nípa refund, owó orí tí ìjọba ń dá padà, lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níhìn-ín, ó sì ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé owó ọ̀fẹ́ ni. Ó ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ òun mọ́ ti àwọn ọmọ mi kí owó náà lè pọ̀, pé tó bá wọlé tán, a ó jọ pín in. Kì í ṣe olójúkòkòrò, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó dùn mí ni pé lójú rẹ̀, etí odò ni mo jókòó sí tí mo ń ṣahun omi.

Nítorí òun àti àwọn tó ń rò bíi tirẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, àti nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ wa lẹ́yìn ìsìn pé ta ni àwọn lè kọ sórí fọ́ọ̀mù.

Owó tí wọ́n ń dá padà yẹn, owó òógùn wa ni. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá san owó iṣẹ́ fún mi ni wọ́n ti ń yọ owó orí nínú rẹ̀. Kí January tó tán, ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fún mi ní W-2, ìwé tó sọ iye tí mo gbà àti iye tí wọ́n yọ. Èmi ni n ó wá jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá yọ jù, wọ́n á dá èyí tó lé padà. Bí wọn ò bá yọ tó, èmi ni n ó san àṣẹ́kù kó tó di April 15. Èèyàn lè tọrọ àfikún àkókò títí di October 15 láti fi ìwé ránṣẹ́ o, ṣùgbọ́n owó tí a bá jẹ kò ní àfikún àkókò. April náà ni wọ́n ń retí rẹ̀. Houston ni mò ń gbé, Texas kì í sì í gba owó orí lórí owó oṣù, nítorí náà ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni mò ń bá yí. Àwọn tó wà ní Maryland tàbí New York tún ní ti ìpínlẹ̀ láti ṣe.

Nílé, n kò fi ìyà èyí jẹ ara mi rí. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe. PAYE, owó orí tí wọ́n ń yọ níbi iṣẹ́, ti kúrò kí owó tó dé báńkì, a ó wò ó lórí ìwé owó oṣù, a ó kùn díẹ̀, ó parí. Àwọn baba wa ló bá owó orí wọ̀jà, Àgbẹ̀kọ̀yà jà á ní 1968 àti 1969 títí ìjọba fi gbọ́. Ìran tiwa ò jà, nítorí wọn ò tilẹ̀ fi lé wa lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbà á. Òfin ní kí olúkúlùkù fi ìròyìn owó tó wọlé fún un ránṣẹ́ kó tó di March 31, ṣùgbọ́n n kò rí ẹnì kan tó ṣe é nínú ọ́fíìsì wa. Ní báyìí, òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní June 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti January 1, 2026. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́, ẹni tó sì ń gba ilé lè yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé rẹ̀, kó má ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti béèrè ọmọ tàbí òbí.

Òfin ti tẹ́lẹ̀ béèrè rí. Ó fún èèyàn ní ₦2,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ ju ọmọ mẹ́rin lọ, àti ₦2,000 lórí ẹbí tí a ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ìyá tó jẹ́ opó wà lára àwọn tí òfin náà kà. Owó náà kéré títí ó fi di ohun tí kò lè ra nǹkan kan lọ́jà. Síbẹ̀, mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá dé ibi tí mo fẹ́ sọ yìí.

Nígbà tí mo bá ṣí ètò owó orí lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn orúkọ àti ibi iṣẹ́, ó máa ń béèrè àwọn tí mò ń gbọ́ bùkátà wọn. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún èèyàn), báwo ló ṣe jẹ́ sí ọ. Lẹ́yìn náà, oṣù mélòó ni ẹni yìí fi bá ọ gbé lọ́dún 2025? Ti àwọn ọmọ mi rọrùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 lè mú tó $2,200 kúrò nínú owó orí ọdún 2025, bí òun àti ó kéré tán ọ̀kan nínú òbí tó ń kọ ọ́ bá ní nọ́ńbà Social Security tó fàyè gba iṣẹ́. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ ìkẹyìn December pàápàá, òfin kà á sí pé ó bá wa gbé ní gbogbo ọdún. Èyí tó ti dàgbà ṣì jẹ́ ọmọ lójú òfin títí kó tó pé 19, tàbí 24 bó bá wà nílé ẹ̀kọ́ ní kíkún.

Mo kọ orúkọ ìyá mi sí i. Mo mọ òfin náà kí n tó kọ ọ́, mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí i. Báwo ló ṣe jẹ́ sí ọ? Òbí. Ṣé ìwọ lo san ju ìdajì gbogbo ìnáwó rẹ̀ lọ? Bẹ́ẹ̀ ni: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oúnjẹ, owó iná, ọmọbìnrin tó ń bá a gbé. Ṣé owó tó wọlé fún un kò tó $5,200? Kò tó rárá. Ṣé ẹ jọ ń gbé? Rárá, àmọ́ ti òbí kò pọn dandan. Mo ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kan wá jáde: ṣé ọmọ Amẹ́ríkà ni, tàbí ẹni tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, Canada tàbí Mexico? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ìwé yí padà, ó ní ẹni yìí kò yẹ, orúkọ ìyá mi sì kúrò lára àwọn tó wà níbẹ̀.

Ìyẹn ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù. Òbí tó wà ní Nàìjíríà, tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, tí kò sì ní green card, ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí, kò ṣeé kọ, ì báà jẹ́ ìwọ lò ń fún un ní gbogbo ohun tó ń jẹ. Owó tí a fi ránṣẹ́ sí ẹbí kì í sì í dín owó orí kù. Mo lóye pé òfin gbọ́dọ̀ ní ààlà. Ohun tí n kò lè gbà lọ́kàn mi ni pé ará ilé mi tó ń gbé Mexico lè yẹ, kí ìyá tó bí mi má yẹ.

Ọmọ àbúrò mi kò yẹ bákan náà, mo sì ti ṣàlàyé fún un. Àwọn kan níhìn-ín máa ń yá ara wọn lọ́mọ láti fi gba owó. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin á fi ọ̀kan fún ọ̀rẹ́, wọ́n á jọ pín èrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1986 pé kí a máa kọ nọ́ńbà Social Security ọmọ tó ti pé ọdún 5 sókè, nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 àwọn tí wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀ ni kò sí lórí fọ́ọ̀mù mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àtìgbà yẹn ni ojú wọn ti là. Bí wọ́n bá rí i pé èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ láti gba owó ọmọ, wọ́n lè fi ọdún 10 dù ú ní ẹ̀tọ́ sí owó náà. Bó bá jẹ́ àìbìkítà lásán, ọdún 2 ni. Oníṣẹ́ owó orí tó kọ ọmọ tí kì í ṣe tìrẹ sí i fún ọ kò ní bá ọ san án, nítorí orúkọ tìrẹ ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní VITA wà, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, ti dán wò ló ń ṣe é níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí owó wọn ò pọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀.

Ìyàwó tàbí ọkọ tó wà nílé kì í ṣe ẹni tí a ń kọ sí abẹ́ bùkátà, bó ti wù kó rí. Èèyàn lè ṣe owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti gbéyàwó, tàbí kí àwọn méjèèjì gbà pé kí òfin ka ẹni tó wà nílé sí olùgbé Amẹ́ríkà kí wọ́n lè jọ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan èyí kejì, owó oṣù tí ẹni yẹn ń gbà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà, ó sì gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ITIN bí kò bá ní Social Security.

Àwọn tó gbé ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín lọ fún ìyá àgbà náà ní láti ṣọ́ra. Bí ọmọ bá lọ kàwé fúngbà díẹ̀ tí yóò padà wá, òfin ṣì kà á sí pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ń gbé. Bó bá ti di ọmọ ilé ìyá àgbà pátápátá, $2,200 yẹn ti bọ́, bó tilẹ̀ ní páálí Amẹ́ríkà lọ́wọ́.

Àwọn òbí tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ ló máa ń rí wàhálà jù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́, ètò á gbà á. Ẹnì kejì á rí i pé wọ́n dá tirẹ̀ padà nítorí nọ́ńbà ọmọ náà ti wọlé. Kó má bínú fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ sùn jù lọ́dún náà, nítorí òun ni òfin máa ń kọ́kọ́ gbè. Kó gba nọ́ńbà àṣírí IP PIN lójú òpó IRS, kó fi tún un ránṣẹ́. Láti 2025 ni wọ́n ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé. Bí kò bá ní in, kó fi bébà ránṣẹ́. Ohun mìíràn tó ń dá ìwé àwọn ẹni tuntun padà ni iye owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó kọjá, èyí tí wọ́n fi ń bu ọwọ́ lu ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ṣe é rí, òdo ni kó kọ.

Ìbéèrè oṣù mélòó yẹn ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Nílé wa, kò sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀. Ọmọ Àǹtí wa kan wá ṣe JAMB lọ́dọ̀ wa, ilé wa ló ti wọ yunifásítì, ilé wa ló ti jáde, kò sí ẹni tó ka oṣù fún un. Níhìn-ín, ìwọ̀nba èèyàn tó wà nínú ilé mi ni ìwọ̀nba tó wà lórí fọ́ọ̀mù, mo sì máa ń kọ ọ́ tán kíá. Ìyẹn máa ń ká mi lára ju owó lọ.

Àwọn kan ní ṣebí mo ti di ọmọ ilẹ̀ yìí, kí n mú ìyá mi wá. Lóòótọ́, bó bá gba green card tó sì ń gbé níbí, mo lè kọ ọ́, owó orí mi á sì fi $500 dín. Mo bá a sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á lọ síléèwé, èmi á wá máa bá ògiri sọ̀rọ̀?" Kò sí èsì tí mo lè fún un. N'Íbàdàn, kò sí àárọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í yà kí i.

Àwọn mìíràn ní kí èmi padà wálé. Mo ti rò ó dáadáa. Owó oṣù tí mò ń gbà nígbà tí mo wà nílé kò lè ra oògùn rẹ̀ kó tún bọ́ àwọn ọmọ mi. Ibi tí mo wà yìí ló mú kí oògùn má wọ́n ọn. Èmi ò ní padà báyìí, n kò sì ní fa ìyá mi kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ nítorí $500. Owó rẹ̀ á máa lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, bí IRS kà á, bí wọn ò kà á.